Bí ìwé ìtàn Òṣómàáló ṣe dé ọwọ́ àwọn ọmọ Òṣómàáló ní Ilésà

Ìwé kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ìwé tí ilé iṣẹ́ aṣèwéjáde kékeré tí mo ti ń ṣe olótùú gbé jáde ní Ilésà. Ọ̀nà méjì la gbà kó o síta. Ọ̀nà kìn-ín-ní pariwo, ó náni lówó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tì wá sínú gbèsè tí a kò ní lè jáde nínú rẹ̀. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀nà kejì wá, òun ló sì jẹ́ kí ìwé náà di kíkà. Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé irú wa pọ̀ ní Ifẹ̀, ní Òṣogbo, ní Adó àti Abẹ́òkúta, àwọn tó ń gbé ìwé Yorùbá jáde, tí wọ́n ń pe ìlú jọ fún ìkójáde, tí wọ́n sì ń kó páálí ìwé padà sábẹ́ àtẹ̀gùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Màmá tó kọ ìwé náà ti lé ní 70 ọdún. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Màmá Olùkọ́ ni gbogbo àdúgbò sì ń pè wọ́n títí dòní. Òṣómàáló ni bàbá wọn, ìyẹn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ kiri tà láwìn. Àkókó ni bàbá ń ná, orúkọ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀ka kò sì ṣàjèjì sí Màmá láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí.

Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò gbọ́ nípa Òṣómàáló, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ mọ̀ kò ju àwàdà lọ: ọkùnrin tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tó ní òun kò ní dìde àfi bí òun bá gba owó òun. Màmá fẹ́ kọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ti da ọ̀nà òwò rú fún àwọn Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó túká ní ibùdó. Nígbà tí ọ̀nà là, tí ọkọ̀ ojú irin sì dé Òṣogbo ní 1907, aṣọ òyìnbó ti sún mọ́ tòsí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin Ìjẹ̀ṣà ń ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, wọ́n ń dì í lẹ́rù, wọ́n ń rù ú lọ sí Èkìtì, Oǹdó, Àkókó àti Ìgbómìnà, àwọn mìíràn tilẹ̀ gba Òkè Ọya lọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ dé. Àgbẹ̀ tó fẹ́ aṣọ kò ní owó lọ́wọ́ títí ìrè oko rẹ̀ yóò fi di títà, Òṣómàáló á gbé aṣọ fún un láwìn, á fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn tàbí sínú ìwé, á sì máa padà wá gba owó díẹ̀díẹ̀. Àwìn yẹn ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a ṣì ń rí ní Ilésà. Nígbà tí àwọn ará ìlú dá Ilésà Grammar School sílẹ̀ ní 1934, àwọn ọmọ Òṣómàáló wà lára àwọn tó jókòó sí kíláàsì níbẹ̀.

J. D. Y. Peel, onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe ìwé ńlá kan lórí Ìjẹ̀ṣà tó jáde ní 1983, ọ̀rọ̀ Òṣómàáló sì jinlẹ̀ nínú rẹ̀. Màmá kà á, wọ́n yìn ín. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé àwọn àgbà tí ẹnu wọn ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ń wá kò lè kà á, àwọn ọmọ-ọmọ wọn kò sì mọ̀ pé ó wà. Wọ́n wá ra ẹ̀rọ agbọ̀rọ̀sílẹ̀ kékeré kan, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, láti Ìsọ̀nà dé Ìlórò dé Ọmọ́fẹ̀, wọ́n ń jókòó ti àwọn arúgbó. Ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n gbé wá fún wa nípọn, ó mọ́, gbogbo àmì ohùn ló sì pé sórí rẹ̀. Olùkọ́ àtijọ́ ni.

Yàrá méjì la ní lókè ilé ìtajà kan lọ́nà Òkèsà. Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Bọ̀dá, ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìyàwó wọn, Ìyá Ìbejì, ló ń mójú tó owó. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń to ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Èmi ni olótùú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwé ìtàn àti ewì ló ń bọ́ wa. Ìwé ètò ìsìnkú, àti ìtàn ìgbésí ayé tí àwọn ọmọ máa ń ṣe nígbà tí òbí wọn bá pé 80 ọdún, ló ń san owó ilé àti owó iná. Èrè ibẹ̀ la fi ń gbé irú ìwé Màmá jáde, ọ̀kan tàbí méjì lọ́dún.

Nǹkan méjì fa àríyànjiyàn kí ìwé tó kúrò nílẹ̀. Màmá kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ní ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà. Ulé ni wọ́n kọ, wọn kò kọ ilé. Usu ni, kì í ṣe iṣu. Bọ̀dá fẹ́ kí á sọ gbogbo rẹ̀ di Yorùbá àjùmọ̀lò, kí ará Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú lè rà á láìfi ojú pọ́n ara wọn. Èmi gbè sẹ́yìn Màmá. A fẹnu kò níkẹyìn pé kí àlàyé wà ní Yorùbá àjùmọ̀lò, kí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà sì dúró bó ṣe wà. Inú mi dùn sí ìpinnu yẹn gan-an, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Èkejì ni àmì ohùn. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bí a bá gbé àmì ohùn lé wọn lórí, ètò Unicode, tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún un. Àmì ohùn á máa dá dúró, fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa gbé e sí. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kò mọ̀ ọ́n. Àmì á fò sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó lọ jókòó sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì Charis SIL, tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ló gbà wá. Síbẹ̀, ìgbà tí iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú, a ní kí wọ́n fi ojú ewé mélòó kan tí wọ́n ti tẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n tó ṣe ìyókù. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá ń tẹ ìwé Yorùbá kó má fi ìgbésẹ̀ yẹn ṣeré.

Nọ́ńbà ISBN, tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978 bíi ti gbogbo ìwé tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, la gbà lọ́wọ́ National Library, kò sì pẹ́ rárá.

Owó bébà ló le. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ lójú ọjà ní oṣù kẹfà 2023, iye tí atẹ̀wé bá sọ lónìí lè má jẹ́ iye tí yóò gbà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí pé láti òkè òkun ni bébà àti yíǹkì ti ń wá. Bébà ńlá tí wọ́n bá tẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, tí wọ́n sì ká, ojú ewé 16 ló ń di. Ojú ewé 176 ni ìwé Màmá. A yọ ọ̀pọ̀ fọ́tò kúrò, ó di 160, bébà dín. Fọ́tò bàbá wọn nìkan ni wọ́n ní a kò gbọdọ̀ yọ. Ẹ̀dà 500 la ní kí wọ́n tẹ̀. A san apá tó pọ̀ jù nínú owó náà ṣáájú, atẹ̀wé sì gbà pé kí á san ìyókù lẹ́yìn ìkójáde.

Gbólóhùn yẹn, "lẹ́yìn ìkójáde," ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá ṣètò ìkójáde náà bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é. Wọ́n gba gbọ̀ngàn, wọ́n wá alága, wọ́n wá olùfilọ́lẹ̀ àgbà tó lówó lọ́wọ́, wọ́n tẹ káàdì ìpè, wọ́n pe onílù. Àwọn ọmọ Màmá láti Èkó dá aṣọ. Olùkọ́ yunifásítì kan láti Ifẹ̀ gbà láti yẹ ìwé náà wò, ó sì kà á ní tòótọ́, èyí tí kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀.

Olùfilọ́lẹ̀ àgbà kò wá. Ó rán aṣojú, aṣojú sì dé nígbà tí oòrùn ti yí. Títí ó fi dé, ètò kò bẹ̀rẹ̀, a kàn ń kí àwọn èèyàn pàtàkì kúàbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, onílù sì ń kì wọ́n. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà onílé obì, mo fẹ́ràn kí wọ́n kì wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìwé ni ọjọ́ yẹn. Nígbà tó kan ayẹ̀wéwò, olùdarí ètò ní kó ṣe é ní ìṣẹ́jú díẹ̀ torí àkókò ti lọ. Ọkùnrin náà ká bébà rẹ̀, ó sọ ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó kọ, ó jókòó.

Lẹ́yìn náà ni owó. Aṣojú dìde, ó kéde iye kan fún ẹ̀dà 100, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó kọ ọ́ sórí káàdì. Ẹlòmíràn dìde, òun náà kéde tirẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí, Ìyá Ìbejì sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní gbogbo ìlérí yẹn wọlé ni, ì bá san gbèsè atẹ̀wé lẹ́ẹ̀mejì kó sì tún ṣẹ́kù. Owó tó wà nínú àwo ní tòótọ́ kò tó owó gbọ̀ngàn àti oúnjẹ.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì ìwé tí mo ń rò títí di báyìí. Màmá àgbàlagbà kan, tó wọ ìró àti bùbá tí kì í ṣe aṣọ ẹbí, wá bèèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń bá wa ta ìwé pé èló ni. Ọmọ náà dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: iye tó bá wù yín ni, Màmá, ìkójáde ni. Ìyá náà wo àwọn tó ń kéde owó níwájú, ó wo pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó dá ìwé padà sórí tábìlì, ó sì lọ jókòó. Mo béèrè orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọmọ ọ̀kan lára àwọn Òṣómàáló tó wà nínú orí kẹta ni.

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wò dáadáa. Ìwé tí kò ní iye lórí rẹ̀ lọ́jọ́ ìkójáde dà bí ohun tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń lé ẹni tó ní ₦4,000 péré sẹ́yìn, torí ó rò pé ojú máa ti òun. Àwọn tó lè rà á kò fẹ́ kà á. Àwọn tó fẹ́ kà á rò pé a kò ṣe é fún wọn. Nígbà tí Màmá dìde níkẹyìn láti ka díẹ̀ nínú ìwé wọn, wọ́n ti ń pín oúnjẹ, ẹni tó ń gbọ́ kò ju àwọn ọmọ wọn àti èmi lọ.

Oṣù ń gorí oṣù. A pe àwọn tó ṣe ìlérí, a fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ rán wọn létí. Ẹnì kan san. Ẹlòmíràn ní kí á fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, a fi ránṣẹ́, a tún fi ránṣẹ́. Àwọn kan kò gbé fóònù mọ́. Atẹ̀wé ní tirẹ̀ ń pe Bọ̀dá, kò sì jẹ̀bi, torí òun náà jẹ àwọn oníbébà. Ó dé ibi tí Bọ̀dá fi ń wá ẹni tó máa ra jẹnẹrétọ̀ wa.

Màmá gbọ́, wọ́n wá sí ọ́fíìsì. Wọn kò bínú. Wọ́n ní kí Ìyá Ìbejì mú orúkọ àwọn tó ṣe ìlérí wá, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n bèèrè pé èwo nínú wọn ló gbé ìwé lọ sílé. A ní kò sí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bàbá mi kò ta aṣọ lórí ìlérí rí. Ẹni tó bá gbé aṣọ ló jẹ gbèsè. Àwọn wọ̀nyí kò gbé nǹkan kan, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n san owó lé lórí?"

Bọ̀dá ní, "Màmá, ìlérí ni ìlérí ń jẹ́."

"Ẹnu ọ̀nà ta lẹ máa wá lóṣòó sí? Ẹ kò mọlé wọn."

Èmi ti ka ìwé náà tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ó tó lọ sí Ṣómólú, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni òye bí òwò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ yé mi délẹ̀. Àwìn Òṣómàáló kì í ṣe àánú, kì í sì í ṣe ariwo. Ọjà á ti wà lọ́wọ́ oníbàárà, ó ti ń lò ó, ará ilé rẹ̀ ti rí i lára rẹ̀. Òṣómàáló mọ ilé rẹ̀, ó mọ ìgbà tí owó máa bọ́ sí i lọ́wọ́, ìgbà yẹn ló sì máa padà wá. Ìlérí inú gbọ̀ngàn kò ní ọ̀kankan nínú gbogbo ìyẹn.

Màmá wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Kí á fi ₦4,000 lé ìwé, kí á kọ ọ́ gàdàgbà. Kí á kó o lọ bá àwọn tí ìtàn wọn wà nínú rẹ̀, kí á kà á sí wọn létí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó mú un lọ lọ́jọ́ náà, kó san ₦1,000, kó sì máa san ₦1,000 lóṣooṣù níbi ìpàdé mọ̀lẹ́bí tàbí ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilésà kò ní ṣàìní ìpàdé. Bọ̀dá kò fẹ́. Wọ́n ní ìwé kì í ṣe aṣọ, ẹni tó bá ti kà á tán ti jẹ èrè rẹ̀ tán, kí ló tún fẹ́ san gbèsè fún? Ìbéèrè tó lágbára ni, mi ò sì rò pé a ti dáhùn rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n a kò ní ohun mìíràn láti ṣe.

Àgbàlá ilé kan ní Ìsọ̀nà la kọ́kọ́ lọ, ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn. Baálé ilé náà jẹ́ ọmọ Òṣómàáló; ó fún wa ní ìjókòó, ó fún wa ní omi tútù, ó sì ní kí á má ṣe kó ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ wá. Kò sí tábìlì pàtàkì. Màmá jókòó sórí àga onígi láàárín, àwọn èèyàn yí wọn ká, àwọn mìíràn dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Orí kejì ni wọ́n ṣí, ìrìn àjò bàbá wọn àkọ́kọ́ sí Àkókó. Wọn kò tíì ka ojú ewé méjì tí bàbá kan fi dá wọn dúró. Màmá kọ ọ́ pé Ẹ̀rìn ni àwọn tó ru ẹrù ti ń sùn ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní. Bàbá ní rárá o, Ẹ̀rìnmọ̀ ni, òun bá bàbá òun rìn ọ̀nà náà nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ó sì dárúkọ ilé tí wọ́n ń wọ̀ sí. Bàbá mìíràn ní Ẹ̀rìn kẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Màmá mú bírò, wọ́n kọ ọ́ sí etí ìwé wọn. Mo ti wà ní ọ̀pọ̀ ìkójáde ìwé, mi ò rí ibi tí wọ́n ti bá òǹkọ̀wé jà lórí ohun tó wà nínú ìwé rí. Orí mi wú.

Ohùn Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Wọ́n pe ọmọbìnrin kan tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ní kó máa bá wọn kà á lọ. Ọmọ náà mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tí bàbá arúgbó kan ti ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà, ó sọ ulé di ilé. Àwọn ìyá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: ulé! Ẹ̀rín sọ. Ọmọ náà tún un kà. Nígbà tó dé usu, òun fúnra rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín kó tó pè é, ó sì pè é dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ mẹ́rin mìíràn ń jà pé àwọn náà fẹ́ kà. Ká ní a ti sọ gbogbo rẹ̀ di Yorùbá àjùmọ̀lò, nǹkan yẹn kò ní ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ń gbọ́ èdè ìyá wọn àgbà lójoojúmọ́, wọn kò sì tíì rí i nínú ìwé tó ní èèpo ẹ̀yìn tó ń dán rí.

Ohun tó wú mi lórí jù ni èyí tí ìyá kan sọ nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó ní ìwé náà dára, àmọ́ ọkùnrin nìkan ló ń rìn nínú rẹ̀. Bàbá òun máa ń lọ fún oṣù mélòó kan kó tó padà, ta ni Màmá rò pé ó ń bọ́ àwọn ọmọ? Ó ní ìyá òun ló ń dín àkàrà, òun ló ń san owó ilé ìwé, òun náà ló sì di ẹrù lọ gba gbèsè nígbà kan tí àìsàn dá bàbá òun dúró sílé. Ó ní ìyá òun lóṣòó ní Ìgbómìnà, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó sì gba owó náà dé. Gbogbo àgbàlá dákẹ́ gbọ́ ọ. Màmá ní kó dá wọn lóhùn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbọ̀rọ̀sílẹ̀ wọn lọ bá a nílé.

Páálí ìwé méjì tán lọ́jọ́ náà. Ìyá tó dá ìwé padà sórí tábìlì ní gbọ̀ngàn wà níbẹ̀. Ó san ₦4,000 pé lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní kí Màmá kọ orúkọ bàbá òun síwájú ìwé náà, kì í ṣe orúkọ òun.

A tún ṣe é ní Ìlórò, ní Ọmọ́fẹ̀, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò aṣọ kan nítòsí Ẹrẹ́jà, àti nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọn kò gba owó lọ́wọ́ wa. Kò dára bákan náà níbi gbogbo. Ibì kan wà tí èèyàn kò wá rárá, torí ọjọ́ ìsìnkú ńlá kan ní àdúgbò ni, a kò sì bèèrè ṣáájú. Ibòmíràn, ìjà ilẹ̀ ìdílé ló bẹ́ sílẹ̀ nítorí orúkọ kan tó wà nínú orí kẹfà, a ní láti pa ìwé dé.

Gbígba owó ni mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbọ́. Ìyá Ìbejì ra ìwé àkọsílẹ̀ onílà kan. Orúkọ ẹni kò tó; a ń kọ ọmọ ilé wo ni, ìpàdé wo ló ń lọ, àti ta ni akọ̀wé ìpàdé náà. Akọ̀wé ìpàdé ni a fi ṣe ẹlẹ́rìí, a sì fún un ní ìwé kan lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá fúnra wọn ló ń lọ sí ìpàdé lóṣooṣù. Wọn kì í bèèrè owó kí wọ́n tó kàwé. Wọ́n á ka ojú ewé kan tàbí méjì, wọ́n á pa ìwé dé níbi tó dùn, wọ́n á wá jókòó. Àwọn èèyàn á máa mú ₦1,000 wá. Ìpàdé kan wà tí wọ́n ti ń san owó ṣáájú àkókò kí Màmá lè máa kà á lọ.

Àwọn kan kò san. Ọkùnrin kan san ₦1,000, ó ka ìwé náà tán, ó sì dá a padà, ó ní òun ti ṣe tán pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí Bọ̀dá sọ tẹ́lẹ̀ gan-an ni. Màmá gba ìwé náà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó kà á, wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn ní iye tó dín. Sùúrù tiwọn nìyẹn. Ní tèmi, adánù ni, ilé iṣẹ́ kékeré kò sì lè máa gba irú rẹ̀ mọ́ra. A ti ń sọ ọ́ fún èèyàn kí wọ́n tó mú ìwé báyìí pé èyí tó bá ti kúrò lọ́wọ́ wa kò ní padà.

Atẹ̀wé kò gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé nǹkan kan ń wọ àkáǹtì rẹ̀ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ó pè wá, ohùn rẹ̀ yí padà. A ti san án tán. Jẹnẹrétọ̀ ṣì wà ní ọ́fíìsì. Ẹ̀dà 3 ti lọ sí National Library gẹ́gẹ́ bí òfin 1970 ṣe ní kí aṣèwéjáde ṣe, ìyókù nínú 500 kò sì kún páálí kan mọ́.

Bọ̀dá kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣe ìlérí ní gbọ̀ngàn. Èmi ni mo bá wọn tún un ṣe. A kò bú ẹnikẹ́ni. A ní a ti fagi lé ìlérí wọn, a kò retí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìwé wà ní ₦4,000 bí wọ́n bá fẹ́ kà á. Méjì nínú wọn wá fúnra wọn, wọ́n gun àtẹ̀gùn wa, wọ́n san owó, wọ́n mú ìwé wọn lọ.

Ẹni tó bá gbé ìwé wá bá wa báyìí, a máa ń sọ fún un ṣáájú pé a kò ṣe ìkójáde onígbọ̀ngàn mọ́ lórí owó ilé iṣẹ́. Bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ ṣe àríyá, kí wọ́n ṣe é, inú wa á dùn láti wá jẹun. Ìwé kíkà ní àgbàlá ni tiwa, iye á sì wà lórí ìwé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Òǹkọ̀wé kan ti torí rẹ̀ kó ìwé rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa, ó fẹ́ olùfilọ́lẹ̀ àgbà.

Ẹ̀dà kejì ìwé Màmá ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Orí tuntun kan wà lórí àwọn ìyàwó Òṣómàáló, èyí tó sọ ìwé náà padà di ojú ewé 176, a kò sì ní yọ nǹkan kan kúrò lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀rìn àti Ẹ̀rìnmọ̀ wà níbẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú orúkọ bàbá tó sọ èyí àti bàbá tó sọ ìyẹn. Orúkọ tó dá ìjà sílẹ̀ nínú orí kẹfà ni a kò tíì yanjú. Apá méjèèjì ìdílé náà ní kí á wá jókòó pẹ̀lú àwọn kí á tó tẹ̀ ẹ́.

Màmá kò fẹ́ kí á tẹ̀ ẹ́ kí àwọn tó dé Ìkàrẹ́ ná. Wọ́n ní ohùn àwọn tó ta aṣọ ti pọ̀ tó nínú ìwé náà, ó ku ti àwọn tó rà á láwìn, tí Òṣómàáló lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìdílé kan níbẹ̀ ti gbà wá láyè. Ìwé tó kù nílẹ̀ la máa kó dání, ₦1,000 ni wọ́n máa kọ́kọ́ san, Ìyá Ìbejì sì ti ń wá akọ̀wé ìpàdé tó máa ṣe ẹlẹ́rìí.